Ohun tí ọmọ ọkọ̀ yẹn kígbe ní Ọ̀wẹnà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ kan fi há mi lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń há ni lọ́fun. Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ọ tán, mi ò sì lè sọ pé mi ò gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Mò ń ti Oǹdó bọ̀ nílé, mo ti kọjá Bọ́lọ́runduró, ó kù díẹ̀ kí n wọ Ọ̀wẹnà. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n títì ṣì tutù, ó dúdú, ó ń dán, àwọn igi kòkó tó wà lọ́tùn-ún lósì sì ti gbé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ọ̀run mì. Mi ò sáré. Ihò kan wà níwájú tí mo ti mọ̀ dáadáa, mo sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò sí lórí bíréèkì. Ṣàdédé ni ìmọ́lẹ̀ kún inú dígí mi, táyà ké lẹ́yìn, fèrè sì han gooro bí ẹni pé inú agbárí mi gan-an ni wọ́n ti ń fọn ún. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan yà bàrá sọ́wọ́ òsì, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbọn ọkọ̀ mi jìgìjìgì.

Nígbà tí wọ́n ṣe déédéé mi, ọmọ ọkọ̀ tó jókòó ti awakọ̀ yọ orí àti apá síta. Ó ń nawọ́ sí mi, ó ń pariwo. Atẹ́gùn gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sọ lọ. Ẹyọ méjì péré ló dé etí mi: "Iná!" àti "ẹ!" Ọkàn mi tó ti fò lọ ló bá mi rán ìyókù mọ́ ọn: iná á jó ẹ.

Mo délé ní Òkè-Àró, l'Àkúrẹ́, mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ rẹ, kí lo fi ṣe wọ́n tí wọ́n á fi fi iná ṣẹ́ ọ lépè?" Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dìde ní aago méjìlá òru. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá kejì: kí ọ̀rọ̀ náà padà sórí ẹni tó sọ ọ́, kó má mọ ẹnu ọ̀nà wa. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo ń ṣe àmín.

Òkùnkùn tí mò ń bá gbé

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù mi ti kú bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lójú ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mi ò ní rí iye epo tó kù, mi ò ní rí bí mo ṣe ń sáré tó, bọ́tìnnì rédíò àti ti ẹ̀rọ amúlétutù á sì ṣókùnkùn pátá. Iná iwájú ń tàn rekete ní tirẹ̀. Nítorí pé ó ń tàn, mo gbà pé iná ọkọ̀ mi pé, àfi kékeré tó wà fún ojú mi nìkan ló kú.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ohun kan bí ìdérí ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, tí a fi ń dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù tàbí tí a fi ń fi kún un. Bí ọwọ́ ọmọdé tàbí aṣọ ìnuwọ́ ẹni tó ń fọ ọkọ̀ bá yí i sísàlẹ̀ tán, iná á pòórá bí ẹni pé ó ti jó, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ná an ní kọ́bọ̀. Mo yí tèmi lọ sókè, mo yí i bọ̀. Kò sí ìyàtọ̀.

Níbi iṣẹ́, oníkálukú ló ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹnì kan ní gílóòbù ni. Òmíràn ní kí n pààrọ̀ gbogbo mítà. Ọ̀gá wa kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, ṣebí ọkọ̀ ń rìn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ̀ mí létí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná fóònù wo epo kí n tó kúrò ní Oǹdó, mo sì ń bá a gbé bí a ṣe ń bá orúnkún tó ń dunni gbé. Ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà náà pé wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti yẹ ọkọ̀ wò. Wọ́n ní kí n tẹ bíréèkì, mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Wọ́n ní kí n fi tiráfíkétọ̀ hàn, mo fi hàn. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa lọ. Mo lọ pẹ̀lú ìdánilójú.

Kì í ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù ló padà gbé mi dé ọ̀dọ̀ rìwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Iná òrùlé inú ọkọ̀ ni, èyí tó yẹ kó máa tàn tí a bá ṣílẹ̀kùn. Òun náà ti kú, mi ò sì kà á sí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń táràrà kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ jáde nínú òkùnkùn, tí ẹyọ kan já bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i, táyà ti gùn ún. Ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ yẹn ti jókòó ṣe iṣẹ́ wákàtí méjì. Mo ní ó tó.

"Tíṣà, ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀"

Bàbá tí wọ́n júwe fún mi ní ìta Ìsìkàn ti dàgbà, irun orí wọn funfun, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi fúrúùtù kan pẹ̀lú ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kejì tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn pé. Mo ti rò pé wọ́n á kàn ṣí ọkọ̀ ni. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí. Ṣé ọjọ́ kan náà ni gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú, àbí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kú? Ṣé ti rédíò bá a lọ? Kí ni mo gbé sínú búùtù lọ́sẹ̀ yẹn?

Mo ní ọjọ́ kan náà ni, mo ní ti rédíò bá a lọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ìgun kan lára mítà ló ṣókùnkùn, gílóòbù tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ni, ìyẹn kò le. "Ṣùgbọ́n, Tíṣà, bí ẹnì kan bá febi sùn nínú ilé, ẹni yẹn là á bi. Bí gbogbo ilé bá febi sùn, ìkòkò là á lọ yẹ̀ wò."

Nígbà náà ni wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n ṣíná, wọ́n yọ orí síta: "Ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi."

Aago méje ti kọjá. Wọ́n ti mú iná àdúgbò lọ, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni àtùpà obìnrin tó ń dín àkàrà ní òdìkejì ọ̀nà. Mo rìn lọ sẹ́yìn. Mo dúró bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Mo wo ọkọ̀ tí mo ti ń wà láti ọdún mẹ́rin, mi ò sì rí i. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú mi jẹ́ òkùnkùn kan tó ki ju òkùnkùn yòókù lọ, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí àtùpà alákàrà ti kan etí nọ́mbà ọkọ̀. Kò sí pupa kankan. Iwájú ń tàn rekete lára ògiri. Ẹ̀yìn dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ dúdú bò ó.

"Kí lẹ rí?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan."

Wọ́n tẹ bíréèkì. Pupa là yọ lọ́tùn-ún àti lósì, ó tan mọ́ aṣọ mi. "Báyìí ńkọ́?" Mo ní ó tàn. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò. Òkùnkùn padà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ kúrò, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí i yékéyéké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn wọn: "Láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, ṣé orí bíréèkì lẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ sí ni?"

Mi ò lè dáhùn. Ihò Ọ̀wẹnà ni mo rí, àti ara mi lórí títì tó dúdú tó sì tutù, tí mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ láìtẹ bíréèkì. Mo rí awakọ̀ tó gbé ẹrù rẹpẹtẹ, tí kò rí ohunkóhun níwájú títí iná tirẹ̀ fi bọ́ sí mi lẹ́yìn. Mo rí bó ṣe fi gbogbo agbára yí sítíárìn. Ọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn gbé lọ sì padà wá, ó pé, kò dín ẹyọ kan: iná ẹ̀yìn ẹ ò tàn.

Iná ni wọ́n ń sọ. Nínú èdè wa, èyí tó ń jóni àti èyí tó ń tàn fúnni, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, èmi ni mo sì yan èyí tó ń jóni. Ọmọ tó yọ orí síta nínú ọkọ̀ tó ń sáré, lẹ́yìn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti ọ̀gá rẹ̀, ìkìlọ̀ ló ń fún mi. Mo mú un relé bí èpè.

Fíùsì pupa

Bàbá ṣí àpótí fíùsì tó wà nísàlẹ̀ sítíárìn, wọ́n sì yọ ẹyọ kan jáde, pupa, kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí n wò ó. Irin tín-ínrín tó wà nínú rẹ̀ ti já. Pupa túmọ̀ sí 10 ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láìjá. Aláwọ̀ búlúù jẹ́ 15, ìyeyè 20, ewéko 30. Bákan náà ni àwọ̀ wọ̀nyí rí nínú ọkọ̀ káàkiri ayé, ẹni tí kò sì lè kàwé lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ilé iṣẹ́ Littelfuse ní Amẹ́ríkà ló mú irú fíùsì pẹlẹbẹ yìí jáde ní ọdún 1976. Ọdún yẹn náà, lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ó sì wù mí láti mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ẹyọ fíùsì yẹn ló ń bọ́ iná pupa ẹ̀yìn, iná kékeré iwájú, iná tó ń tan nọ́mbà ọkọ̀, àti gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná bíréèkì ní fíùsì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú gílóòbù ẹ̀yìn kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà: irun wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ wáàtì 21 fún bíréèkì, èkejì jẹ́ wáàtì 5 fún iná alẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó yẹ ọkọ̀ mi wò lọ́sàn-án fi rí pupa tí wọ́n sì jẹ́ kí n lọ. Ohun tí wọ́n rí kò purọ́ fún wọn. Òun kọ́ ni ohun tí mo nílò lálẹ́.

Wọ́n ki fíùsì pupa tuntun bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣíná. Mo gbọ́ "pá" kékeré kan, òkùnkùn sì tún dé. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe fi èyí tó lágbára ju èyí lọ síbẹ̀? Ẹ fi aláwọ̀ ewé."

Wọ́n gbé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó ti etí ọkọ̀. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wọ́n rí. Wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ ti ń jóná nìyẹn. Fíùsì kì í ṣe oúnjẹ tí a ń fi kún fún ẹni tí kò yó. Òun ni ibi tó tín-ínrín jù lójú ọ̀nà iná, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè jẹ́ pé òun ni á kọ́kọ́ já tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí a bá fi 30 sí ojú 10, kò ní já mọ́. Wáyà tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni á máa gbóná dípò rẹ̀, títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́. Àwọn mìíràn máa ń wé bébà dídán inú páálí sìgá mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n fi wáyà lásán so ó. Iná á tàn lóòótọ́. Onímọ́tò á sanwó, á máa lọ.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níbi tí mo dúró sí, nítorí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 5 jẹ́ wáàtì 30. Fólítì 12 ni bátìrì ń gbé. Ampere méjì àti ààbọ̀ nìyẹn. Tí a bá tiẹ̀ fi ti dáṣíbọ́ọ̀dù kún un, kò tó mẹ́rin. Fíùsì tó lè gba mẹ́wàá kò lè já nítorí mẹ́rin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: níbì kan nínú ọkọ̀ yẹn, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin.

Bí wọ́n ṣe wá a rí ni mi ò lè gbàgbé. Wọn ò tún ki fíùsì bọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n mú gílóòbù wáàtì 21 kan tó ní wáyà méjì létí, wọ́n sì fi í sí ojú fíùsì. Gílóòbù náà tàn gbòò, nítorí gbogbo agbára bátìrì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí wáyà ti ń kan irin. Òun alára sì ni kò jẹ́ kí iná náà pọ̀ débi tí á fi jó nǹkan. Wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ wọn máa wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ mi wáyà kọ̀ọ̀kan: abẹ́ sítíárìn, ó ṣì ń tàn gbòò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣì ń tàn, ìdí iná ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, lósì, ó ṣì ń tàn. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n gbé e sókè. Ọmọ náà pariwo: "Bàbá, ó ti rẹ̀!" Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. "Ó ti tàn padà!"

Ibẹ̀ ni. Wáyà tó ń lọ síbi iná nọ́mbà ọkọ̀ gba ìdí ìdè ìdérí búùtù kọjá, gbogbo ìgbà tí a bá ṣí búùtù tí a sì tì í ni ó sì ń ṣẹ́ po níbẹ̀. Rọ́bà ara rẹ̀ ti sán bí èékánná àgbà. Mo rántí ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí: kí ni mo gbé sínú búùtù lọ́sẹ̀ yẹn? Àpò ìrẹsì méjì àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbé láti ọjà Ọ̀wẹnà, mo sì fi ipá tì í pa. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n so wáyà tuntun mọ́ ọn, wọ́n fi téèpù wé e, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ kó má fà mọ́. Fíùsì pupa padà sáàyè rẹ̀. Kò dún.

Ti ta ni iná yìí?

Mo wakọ̀ relé lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ìmọ́lẹ̀ yẹn sí ohun ìrọ̀rùn, ohun tí olówó á tún ṣe nígbà tó bá wù ú. Ìránṣẹ́ ni. Awakọ̀ kò lè rí iná ẹ̀yìn láti ibi tó jókòó sí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mi sì so ó pọ̀ mọ́ èyí tó wà níwájú imú rẹ̀, tí ti ẹ̀yìn bá kú, kí ojú rẹ̀ náà ṣókùnkùn. Ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Wọ́n fún mi ní dígí tí mo lè fi rí ìpàkọ́ ara mi. Ó ń sọ fún mi lálaalẹ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn, èmi sì ń tan iná fóònù kí n lè rí iye epo.

Àwọn ọkọ̀ tuntun ti gba ìránṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn tọ̀sán-tòru bí fóònù, bóyá awakọ̀ ti ṣíná ọkọ̀ tàbí kò ṣí i. Iná ojúmọmọ sì tún ń tàn níwájú fúnra rẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á rí ìmọ́lẹ̀ níwájú, á rí ìmọ́lẹ̀ nínú, á sì máa lọ lóru láìní pupa kankan lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé láti oṣù Kẹsàn-án 2021, òfin orílẹ̀-èdè Kánádà ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí iná ẹ̀yìn máa tàn pẹ̀lú ti ojúmọmọ, tàbí kí iná máa tan ara rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn kí awakọ̀ lè mọ̀ pé òun ò tíì ṣíná. Ẹ wo ìkẹta yẹn dáadáa. Òkùnkùn tí mo pè ní àbùkù ọkọ̀ ògbó, ìjọba ibòmíràn ti fi òfin mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀.

Ní tiwa, mo mọ àwọn tó ń pa ìránṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dìde, ó yẹ kí iná ìkìlọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì, ti bátìrì, ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ àti àwọn yòókù kọ́kọ́ tàn ná, kí wọ́n tó kú. Wọ́n ń fi hàn pé àwọn wà láàyè ni. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ wà tí ọ̀kan nínú wọn kì í tàn rárá, kì í sì í ṣe nítorí pé ara ọkọ̀ náà le. Ẹni tó fẹ́ tà á ló ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ kó ka àwọn iná yẹn níṣẹ̀ẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń tàn. Èyí tó dákẹ́ ni kó bẹ̀rù.

Kí n má parọ́, èrò tó ń dùn mí jù kò kan gílóòbù. Ohun tó ń ni mí lára nínú ọkọ̀ yẹn ni mo tètè mọ̀. Iná òrùlé kú, ìwé já bọ́, mo sáré lọ tún un ṣe. Èyí tó wà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò ní lára tèmi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ẹni méjì tí mi ò mọ̀ rí san án. Lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́, nǹkan bí ìrìn wákàtí kan, gbogbo wa la ń gbé iná ara wa lẹ́yìn. Mo ti wá ń wò wọ́n báyìí. Ọ̀kan tó ní ojú kan, ọ̀kan tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ akẹ́rù tó so aṣọ pupa mọ́ igi tó yọ síta nítorí pé kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi sọ̀rọ̀. Aṣọ yẹn gan-an ń gbìyànjú ju bí mo ṣe gbìyànjú lọ.

Iná òrùlé

Ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Súwìṣì kékeré kan wà lára òpó ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn ń tẹ̀ wọlé tí a bá tì í, tó sì ń jáde tí a bá ṣí i, kí iná lè tàn. Rọ́bà tó bo tèmi ti ya, òjò ti wọ inú rẹ̀, ìpẹtà ti dì í mọ́bẹ̀. Wọ́n ha á, wọ́n fi gírísì díẹ̀ sí i, wọ́n sì wo òrùlé bóyá bọ́tìnnì rẹ̀ wà láàárín, níbi tó ti ń gbọ́ràn sí ilẹ̀kùn lẹ́nu. Fíùsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, kò sì ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì tí kò bára tan ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan, mo sì tipasẹ̀ èyí tó kéré dé ìdí èyí tó tóbi.

Mo délé, màmá mi ti ń múra oorun. Mo pè wọ́n síta, mo ṣíná ọkọ̀, mo sì ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn bí Bàbá ṣe mú mi dúró. Pupa méjì ń tàn jẹ́jẹ́ lára wrápà wọn. Mo pa á, kí wọ́n rí bí ó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tún un tàn. Mo wá sọ ohun tí ọmọ yẹn kígbe fún wọn.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbọ́wọ́ lé iná ọ̀tún, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná. "Àdúrà tí mo gbà ńkọ́?" Wọ́n wò mí lójú. "Mo ní kó padà sórí ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lóròòru. Ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní, "Mo ṣe àmín sí i, màmá."

Wọ́n béèrè bóyá mo rí nọ́mbà ọkọ̀ náà, bóyá mo rí orúkọ kankan tí wọ́n kọ sí i lára. Mo ní mi ò rí nǹkan kan, àfi ọwọ́ tó nà sí mi. Wọ́n tún wrápà wọn so, wọ́n sì wọlé. Aago mẹ́wàá ò tíì lù. Wọn ò dúró de méjìlá. Nígbà tí mo fi máa ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán, tí iná òrùlé sì kú bó ṣe yẹ, mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run nítorí awakọ̀ kan àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀wẹnà, tí àwa méjèèjì ò mọ orúkọ wọn.